Ẹnu Ẹja

Ṣóneyè kó lọ sí Kánádà lọ́jọ́ Ẹtì,
ó fi àpótí dígí sílẹ̀ fún mi ní pálọ̀,
omi nínú rẹ̀, ẹja mẹ́sàn-án nínú omi,
ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mí gúlúgúlú lóru bí arúgbó.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fún wọn lóúnjẹ."
Kò sọ irú oúnjẹ. Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta, ní Oníkòlòbó.

Wọ́n ní ẹja tútù là ń ká.
Ta ló sọ fún wa rí ohun tí ẹja tútù ń jẹ?
Èmi tí mo mọ ẹja nínú ọbẹ̀ nìkan,
mo mọ orí, mo mọ ìrù, mo mọ eegun tó ń há ni lọ́fun,
mo bu búrẹ́dì fún wọn.
Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún ń wò mí. Mo tún bù ú.
Bí àlejò bá ń wo abọ́, ṣé kì í ṣe ebi ni?
Lọ́jọ́ kẹta, omi ti funfun bí omi ògì,
aláwọ̀ wúrà kan ń léfòó, ó fẹ̀gbẹ́ kan sókè,
ikùn rẹ̀ wú bíi ti ọmọ tó jí ẹ̀wà jẹ.
Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bàbá Adémúyìwá, tó ń sin àrọ̀ ní Asẹ́rò, bu oúnjẹ fún mi:
"Oúnjẹ ẹja ni oúnjẹ ẹja."
Kóró rẹ̀ tó èkúró.
Àwọn wẹ́wẹ́ ń fi imú tì í kiri bí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù,
bọ́ọ̀lù kò wọlé.
Ebi ń pa wọ́n lójú oúnjẹ.

Ni mo bá wọkọ̀ lọ sí Pánsẹ́kẹ́.
Fẹ́hìntọlá lorúkọ ọmọbìnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì.
Kò béèrè owó. Ó ní, "Ẹ ti wo ẹnu wọn?"
Ta ní ń wo ẹnu ẹja?
"Èyí tẹ́nu rẹ̀ kọjú sókè, ojú omi ló ti ń jẹun;
èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ rún fún un.
Tẹ́nu bá wà láàárín, ohun tó ń rọra rì ni.
Èyí tó ní irùngbọ̀n, tẹ́nu rẹ̀ dojú kọlẹ̀,
tí ẹ ò bá fún un lóhun tó wúwo,
àjẹkù ni yóò máa ṣà títí yóò fi kú.
Ẹ bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fún wọn nígbà míì, ẹ má fiyọ̀ sí i.
Tanwíjí inú àgbá òjò, oyin ni lẹ́nu wọn,
ẹ má ṣáà bu ti gọ́tà wálé."
"Báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó?"
Ó fìka kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀:
"Ikùn ẹja kò ju ojú ẹja lọ."

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn.
Lọ́dún tó lò kẹ́yìn, mo ń fi èbà há a lẹ́nu,
mo ń bínú pé kò gbé e mì.
Mo rò pé òkèlè ńlá ni ìfẹ́.
Ife ẹ̀kọ gbígbóná ló ń wò.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Nígbà tí mo délé, mo tún ẹja kà. Mẹ́jọ.
Lẹ́yìn náà ni mo rí irùngbọ̀n méjì lábẹ́ òkúta:
ọ̀kan tí Ṣóneyè pàápàá kò kà.
Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìlú wa ni,
ó mọ ibi tí wọ́n ń sá sí.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́.
Mo ju kóró kan ṣoṣo, ó rì, ó bà lórí iyanrìn.
Mi ò tan tọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó.
Ó pẹ́ díẹ̀, òkúta kan dún kẹ́.

Ó wù mí kí n fi ọ̀kan kún un.
Mo dé agolo.